Àmín Tí Olóyè Kọ́lápọ̀ Ṣe ní Ardwick

Ẹ wá wo Olóyè Kọ́lápọ̀ Ṣàngótúndé bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò kékeré ọmọ àbúrò rẹ̀ ní Ardwick, àdúgbò kan ní Manchester, tí òjò wínníwínní ń rọ̀ sórí fìlà rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ́kọ́ jáde, ó dúró. Ó ń retí kí ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Òyìnbó kan tó ń mú ajá rẹ̀ kọjá wò ó, ajá náà wò ó, àwọn méjèèjì bá tiwọn lọ. Ni Mùíz, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, bá sáré yí mọ́tò po, torí iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún gan-an nìyẹn, ó pariwo:

"Olùdámọ̀ràn Pàtàkì Àgbà fún Gómìnà lórí Ìfẹ́ Ará Ìlú sí Ìjọba Tiwantiwa! Gbogbo Manchester kí yín káàbọ̀, sà!"

Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ òsì tó jáde.

Oyè yẹn gùn, àbí? Ẹ̀yin tiẹ̀ ń kà á lásán ni. Adétóun, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú, ló ṣòro fún. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti ibi iṣẹ́ dé, oorun ń kùn ún, ó gbé tíì fún un, ó ní, "Àńkù, ẹ káàárọ̀ o." Olóyè ní kó tún un pè. Ó ní, "Àńkù Olùdámọ̀ràn." Olóyè ní ó ṣì kù. Tíì ti tutù kó tó pè é tán, ó sì tún ní kó lọ gbé òmíràn wá.

Kí ló gbé irú èèyàn ńlá bẹ́ẹ̀ wá sínú òtútù? Àwọn olùwádìí kan ló lọ káàkiri ìpínlẹ̀ wọn nílé, tí wọ́n ń bi ará ìlú pé irú ìjọba wo ló wù wọ́n. Àwọn ará ìlú ò mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn kọ́kọ́ béèrè ohun tí Gómìnà fẹ́ gbọ́. Wọ́n sọ ohun tó wà nínú wọn. Àwọn kan ní tí ṣọ́jà bá fẹ́ padà wá, àwọn á bá wọn ṣí géètì. Àwọn mìíràn ní ẹni tó bá ti lè jẹ́ kí gàárì rọjú, kó máa bọ̀, ì báà wọ kaki, ì báà wọ agbádá. Ìwé ìròyìn gbé e. Gómìnà kà á, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ta ló ní kí wọ́n bi wọ́n?" Ohun tó sọ nìyẹn o. Kò béèrè ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ló bá pe Olóyè wọlé. "Kọ́lápọ̀, wá èèyàn tó máa pariwo pé àwọn fẹ́ràn ìjọba tiwantiwa yìí, kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa fojú ara wọn rí i. Tó o bá rí wọn, ìwọ ni igbákejì mi nínú ìbò tó ń bọ̀. Tó ò bá rí wọn, lọ wáṣẹ́ míì."

Igbákejì gómìnà! Síréènì níwájú, síréènì lẹ́yìn! Olóyè ò sùn. Nílé, tó o bá pe èèyàn jọ láìgbé ìrẹsì dání, ìwọ àti àga nìkan lẹ máa jọ ṣèpàdé. Ó rò ó títí, ó ní àwọn ará Manchester ló kàn. Wọ́n ní iná, wọ́n ní omi, wọ́n ti yó. Ó ní ẹni tó bá ti yó kò níṣòro, kò sí ìjọba tí kò lè fẹ́ràn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ìpínlẹ̀ kan ń sanwó oṣù fún ọpọlọ yẹn.

Ibi tí Adétóun kọ́kọ́ gbé e lọ ni Cheetham Hill, ní ṣọ́ọ̀bù Abdulwaheed, níbi tí àwọn ọmọ wa ti ń ra iṣu àti èlùbọ́. Olóyè lọ dúró láàárín àpò ìrẹsì àti páálí iṣu, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ̀yin ọmọ bíbí inú ìpínlẹ̀ wa! Mo mú ìkíni wá fún yín láti ọ̀dọ̀ ẹni tí oòrùn ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó yọ! Ẹni tí afẹ́fẹ́ ń kúnlẹ̀ kí! Mo wá bi yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ẹ fẹ́ràn ìjọba tiwantiwa?"

Abdulwaheed ń gé ẹja yìnyín lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. "Èló lẹ̀ ń tà á?"

"Kì í ṣe títà. Ìfẹ́ ni mò ń béèrè."

"Ìfẹ́ náà níye tó ń lọ, sà. Kí ló wà nínú ẹ̀? Iná ńkọ́?"

"Iná ń bọ̀."

"Ẹ yọ iná kúrò nìyẹn. Ọ̀nà ńkọ́?"

"Gómìnà ti fi ìpìlẹ̀ ọ̀nà lélẹ̀. Ìpìlẹ̀ náà rẹwà gan-an ni."

"Ẹ yọ ọ̀nà náà. Kí ló wá kù nínú àpò yẹn tẹ́ ẹ fẹ́ kí n rà?"

"Òmìnira!" Olóyè lu àyà. "Kó o sọ̀rọ̀ bó ṣe wù ọ́!"

Abísọ́lá, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì, tó ń múra àtipadà sílé, gbé báàgì ewédú rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú lórí Facebook, sà. Ọlọ́pàá ló wá gbé e."

"Ó sọ ọ́ jù ni. Ó yẹ kó sọ ọ́ níwọ̀n."

"Ta ló ń wọ̀n ọ́n, sà?"

Olóyè yíjú sí páálí iṣu. Adétóun náà bá dá sí i. "Àńkù, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Kánsẹ́lọ̀ àdúgbò mi níbí, ẹsẹ̀ ló fi rìn wá kan ilẹ̀kùn mi nínú òjò. Ó ní kí ló ń dùn mí. Èmi tí mo wà lórí visa! Mo ní wọn ò kó ìdọ̀tí inú bin wa. Òfin ibí fún irú wa láyè láti dìbò, mo lọ dìbò fún un, bin wa sì ti ń lọ déédéé báyìí. Nílé, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò sẹ́ni tó bi mí rí."

"Ẹsẹ̀?" Ojú Olóyè yọ. "Kò ní mọ́tò? Kò ní ọlọ́pàá lẹ́yìn? Irú aláìní wo lẹ wá lọ dìbò fún yẹn, Adétóun?"

Ìyá Abdulwaheed, Màmá Kùdírátù, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìsà, ó ká ìbòrùn mọ́ra. Ọmọ tí ìyàwó Abdulwaheed bí ni màmá wá bá wọn tọ́jú. "Èmi ò ní mi ò fẹ́ràn ẹ̀ o," ó ní. "Mo tò nínú oòrùn, mo tẹ̀ka. Gbogbo àdúgbò wa tẹ̀ka fún ẹnì kan náà. Nígbà tó dalẹ́, orúkọ ẹlòmíì ni rédíò pè. Ẹ bá mi kà á bí mo ṣe dì í, ọmọ mi, ẹ wá wò ó bí màá ṣe fẹ́ràn ẹ̀ tó."

"Ẹ gbọ́ bí màmá mi ṣe ná an," Abdulwaheed ní. "Ẹ ka ìbò yẹn bó ṣe jẹ́, kí n fún yín ní ìdajì ìfẹ́ mi lójú ẹsẹ̀. Tí iná bá dé, ẹ padà wá gba ìdajì tó kù."

"Ìdajì kéré. Fi kún un."

"Ó tán síbẹ̀, sà. Ẹ lọ wò ó ní ṣọ́ọ̀bù míì."

Wọ́n lọ ṣọ́ọ̀bù míì lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó ná an tó iye tí Abdulwaheed ná an. Olóyè padà wá síbẹ̀, pẹ̀lú ìtìjú díẹ̀, kó wá gba òkúta iyọ̀ tó rà tó sì gbàgbé sórí káńtà (ẹ má béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe), bó sì ṣe ń jáde, ó kàn sọ ohun tí ẹnikẹ́ni máa ń sọ tó bá ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù èèyàn: "Kí Ọlọ́run bù sí ọjà yín o."

"ÀMÍN!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ni o. Abdulwaheed gbé ọ̀bẹ ẹja sókè ṣe é. Abísọ́lá tó ń wò ó tìkà-tẹ̀gbin ṣe é. Ẹnì kan tó wà ní ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, tí wọn ò rí, tó ń ka páálí, ṣe é láti inú stóòrù. Olóyè dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí iná gbé.

Nínú mọ́tò, ó di Mùíz lọ́wọ́ mú. "Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Olùdámọ̀ràn Pàtàkì Àgbà fún... Kí ni mo gbọ́, sà?"

"Mo bi wọ́n, wọ́n bá mi nájà. Mo ṣàdúrà, wọn ò ná an! Yorùbá wo lo rí rí tí wọ́n ṣàdúrà fún tó pa ẹnu mọ́? A ò ní bi wọ́n ní nǹkan kan mọ́. A máa gbàdúrà ẹ̀!"

Mùíz fi orí lu àga iwájú. "Ọpọlọ yìí ò gbọ́dọ̀ wọ bàálù padà, sà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e sí mùsíọ́ọ̀mù níbí, kí ọmọ ilé ìwé máa wá wò ó!"

"Àńkù," Adétóun ní, ó ń wo ojú ọ̀nà, "àmín kì í ṣe ìbò o."

"Kí ni ìyàtọ̀?"

Ìyàtọ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n mọ́tò bọ́ọ̀sì kan gé e lọ́nà lójijì, ó sáré tẹ búréèkì.

Olóyè bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò. Ó ní ẹni tó bá ń darí àdúrà, àmín tiẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde, òun ló sì gbọ́dọ̀ le jù, kí ti àwọn tó kù lè tẹ̀ lé e. Ó dúró ní pálọ̀ Adétóun, ó dijú, ó ń ṣe àmín ọ̀tún, ó ń ṣe àmín òsì, ó ń ṣe "lọ́nà méje!", títí òyìnbó ilé kejì fi ń gbá ògiri. Olóyè ní, "Ẹ ò rí i? Wọ́n ti ń dá mi lóhùn."

Bó ṣe máa rí èrò ló kù. Ó ní kí Adétóun kọ ọ́ ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn pé Gómìnà fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú nípa bí àwọn tó wà lókè òkun ṣe máa dìbò nílé. Adétóun gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló kó èèyàn jáde o. Àwọn nọ́ọ̀sì wá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lábẹ́ kóòtù. Àwọn kan fi shift sílẹ̀. Ọ̀sán Sátidé, gbọ̀ngàn àdúgbò ní Ardwick kún dẹ́nu ọ̀nà, àwọn mìíràn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Abdulwaheed ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó mú màmá rẹ̀ dání.

Lójú ògiri iwájú, wọ́n ta aṣọ funfun, Gómìnà yọ síbẹ̀ gàdàgbà láti ilé, ó jókòó nínú pálọ̀ rẹ̀, àwọn àgbà ẹgbẹ́ tò sẹ́yìn rẹ̀. Ó ń rí wọn, wọ́n ń rí i. Mùíz ló di fóònù tó so wọ́n pọ̀ mú.

Olóyè bọ́ síwájú. "Ẹ̀yin ọmọ òdòdó! Ẹ̀yin tí òtútù ń bẹ̀rù! A fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìbò yín, ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ fi àdúrà ṣí i. Ìjọba tiwantiwa ò ní bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́!"

"Àmín!"

"Àmín tèmi nìyẹn? Ẹ pariwo ẹ̀! Ṣọ́jà ò ní ráyè nínú ìlú wa!"

"ÀMÍN!"

"Ẹni tó ń darí wa, ẹ̀mí ẹ̀ á gùn!"

"Àmín!"

Lójú aṣọ, Gómìnà ń mi orí. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ń tọ́ka ara wọn. Olóyè rí i, inú rẹ̀ wú. Ká ní ó dá a dúró níbẹ̀ ni! Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ojú ọjà ṣe máa ń dùn mọ́ ẹni tó ń tà láìfún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

"Epo bẹntiróòlù tó wọ́n yìí, Ọlọ́run máa fi kọ́ wa ní sùúrù!"

"À... mín." Àwọn kan wo ara wọn.

"Gómìnà wa á lo ọdún mẹ́jọ, á tún mẹ́jọ lò lé e!"

Àmín yẹn, ẹnu Olóyè àti Mùíz nìkan ló ti jáde. Abísọ́lá nawọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ ìbò wa dà?"

"Ó ti wà nínú àdúrà, ọmọ mi." Olóyè rí i pé ilẹ̀ fẹ́ yọ̀. Ó fẹ́ kádìí ẹ̀ kíákíá. "Ká ní kí àgbà bá wa fi àdúrà parí." Ó wo inú èrò, ó rí Màmá Kùdírátù nínú ìbòrùn rẹ̀. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé arúgbó tó wà nídìí ọmọ tuntun, kí ló mọ̀ nínú òṣèlú? Ó sì ti gbàgbé ṣọ́ọ̀bù pátápátá. "Màmá, ẹ bá wa parí ẹ̀ o!"

Màmá dìde. Gbogbo èèyàn dìde. Olóyè dijú pinpin, ó na ọwọ́ sókè, ó múra àtidarí àmín.

"Ọlọ́run tó ni gbogbo wa," Màmá ní. "Àwọn ọmọ tó wà níbí yìí, ìwé wọn á jáde."

"ÀMÍN!" Àmín visa nìyẹn. Wíńdò mì.

"Ẹni tó fẹ́ padà sílé, á bá ilé tó ṣeé gbé."

"ÀMÍN!" Abísọ́lá ti ń sunkún.

"Ẹni tí a bá dìbò fún, òun ló máa jókòó sórí àga."

"ÀMÍN!" Ohùn Olóyè ló ga jù. Òógùn ti bo ojú rẹ̀. Àdúrà ti wọ̀ ọ́ lára. Ó ti pẹ́ tí èrò ti dá a lóhùn báyìí.

"Ẹni tí a ò dìbò fún, tó gbé àga jókòó, Ọlọ́run, fọwọ́ sí i ní abíyá, gbé e dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, kó máa lọ sílé ẹ̀."

"ÀMÍÍÍN!"

"Lọ́nà méje!" Olóyè fò sókè. "Ẹ tún un ṣe! Kó má kọjá oṣù yìí! Kíákíá! Kó dìde! Kó má mú bàtà!"

Gbọ̀ngàn dàrú. Àwọn èèyàn ń gbá ara wọn mọ́ra. Lójú aṣọ, àgbà ẹgbẹ́ kan lẹ́yìn Gómìnà ti ṣe àmín kó tó rántí ibi tó jókòó sí, ó wá fi ọwọ́ bo ẹnu. Gómìnà gan-an, ẹ̀tè rẹ̀ ti ṣí sí "Àm", ó pa á dé.

"Sà," Mùíz ní. "Sà!"

"Fi mí sílẹ̀, iná ti ràn!"

"Gómìnà ni, sà."

Olóyè lajú.

"Kọ́lápọ̀," Gómìnà ní. "Èmi lẹ ní kí n má mú bàtà?"

"Rárá o, Your Excellency! Ẹni tí wọn ò dìbò fún ni!"

"Ta lo rò pé wọ́n ń bá wí?"

"Kì í ṣe ẹ̀yin! Ẹ̀yin, wọ́n dìbò... ìyẹn ni pé, kóòtù ló... kóòtù náà kúkú jẹ́ èèyàn, wọ́n dìbò fún yín, àwọn adájọ́ mẹ́ta..."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Bí Olóyè ṣe ń ṣàlàyé ló ń rì.

"Gba àmín yẹn padà," Gómìnà ní. "Báyìí báyìí. Lójú gbogbo wọn."

Olóyè yíjú sí Màmá. Ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú agbádá. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba àdúrà yẹn padà."

"Kí n gba kí ni padà, ọmọ mi? Ó ti lọ. Àdúrà rere sì ni. Ẹni tí a ò dìbò fún ni mo bá wí." Màmá wo aṣọ funfun, ó wo Olóyè. "Àbí Gómìnà yín wà nínú wọn?"

Ẹ wo wàhálà tó bá Olóyè o. Tó bá ní kò sí nínú wọn, kí ló wá ń gbà padà? Tó bá ní ó wà nínú wọn, ó ti tán nìyẹn.

"Dá a lóhùn!" Gómìnà pariwo.

"Màá..." Olóyè ní. "Màá gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀."

"O ti kúrò níṣẹ́. Igbákejì kò sí mọ́, olùdámọ̀ràn náà ò sí mọ́. Mùíz, ìwọ lo bọ́ sípò ẹ̀."

Aṣọ funfun padà di aṣọ lásán. Mùíz tún kọ́là ṣe. Ó gbé báàgì ọwọ́ rẹ̀ lé Olóyè lórí ẹ̀yìn níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. "Bùọ̀dá Kọ́lápọ̀, ẹ bá mi dì í mú ná. Mo fẹ́ pe ilé."

Olóyè dìde, báàgì já bọ́. "Wọn ò lè ṣe báyẹn lé èèyàn níṣẹ́!" Ohùn rẹ̀ fọ́. "Ẹnì kan ṣoṣo! Ẹnì kan ṣoṣo á kàn la ẹnu, ayé èèyàn á bàjẹ́? Ta ló bi? Ta ló bá jíròrò? Ó yẹ kí wọ́n pe ará ìlú! Ó yẹ kí wọ́n dìbò sí i!"

Gbogbo èèyàn ń wò ó. Abdulwaheed ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ó ti ra ọjà tó wá tà fún wa o," ó ní. "Wò ó, kò tiẹ̀ ná an."

"Àńkù," Adétóun ní, ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín, torí òun ló pe àwọn èèyàn wọ̀nyí kúrò níbi iṣẹ́ wọn. "Ṣé ẹ fẹ́ ká dìbò sí i lóòótọ́?"

"Ẹ dìbò! Kí ayé rí i pé ará ìlú wà lẹ́yìn mi! Kí ẹ na ọwọ́ sókè gbangba. Èmi fúnra mi sì ni màá kà á, ẹ̀yin ò ṣeé fọkàn tán."

"Ó dáa. Ẹni tó bá fẹ́ kí Olóyè padà sẹ́nu iṣẹ́, kó nawọ́."

Olóyè tètè na tiẹ̀. Ó wo Mùíz. Mùíz ń tẹ fóònù. Ó wo Màmá. Ọwọ́ Màmá gòkè díẹ̀, inú Olóyè dùn, àfi bó ṣe jẹ́ pé gèlè ló fẹ́ tún ṣe.

"Ẹni tó bá fẹ́ kó máa lọ sílé?"

Ọwọ́ gòkè láti iwájú dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ má bínú, sà," àwọn tó wà nítòsí ń sọ fún un bí wọ́n ṣe ń nà án, torí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni wọ́n. Olóyè bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó kà, ó kà, ó ń fi ìka tọ́ka, ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀. Nígbà tó kan ọwọ́ Adétóun, ó dúró, ó wò ó, ó kà á.

Ó kà á tán. Ó tún agbádá gbé sí èjìká.

"Màgòmágó!" ó pariwo. "Màgòmágó gidi wà nínú ẹ̀! Mi ò gbà! Ta ló ka ìbò yìí?"

"Ẹ̀yin náà ni, Àńkù."